Òkun ń jẹ Èkó, ẹ tún ní ká dáàbò bò ó?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Ṣómólú ni mò ń gbé, n kò mọ omi wẹ̀, n kò sì rántí ìgbà tí mo fojú kan òkun gbẹ̀yìn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pariwo sí wa létí: ẹ tọ́jú òkun, ẹ má da ọ̀rá síta, ẹ má lo ike. Òkun yìí kan náà ló ń wó ilé àwọn èèyàn ní Òkun Alfa, abúlé etíkun lápá Lẹ́kí o. Òun náà ló gbé èèyàn lọ ní etíkun Kúrámò, Victoria Island. Ta gan-an ló yẹ kí wọ́n gbà lọ́wọ́ ta? Ọ̀rá píọ̀wọ́tà kan ṣoṣo, kí ló fẹ́ fi òkun ṣe?

* * *

Ìbéèrè yín kò bí mi nínú rárá. Ẹja ni mò ń yan tà, etí omi ní Ìlàjẹ, Bárìgà, ni ààrò mi wà. Oníbàárà ti bi mí bẹ́ẹ̀ rí, ó ń tẹ ẹja wò bó ṣe ń bi mí. Ẹ jẹ́ ká ti ìsàlẹ̀ ìbéèrè bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rá kan ṣoṣo kò lè fi òkun ṣe nǹkan kan, òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n ta ló ń mu ọ̀rá kan? Ogún ọ̀rá ló wà nínú àpò píọ̀wọ́tà kan. Ilé tó bá ń mu àpò kan lójúmọ́, ọ̀rá 7,300 ló ń tú dànù lọ́dún. Ilé kan ṣoṣo nìyẹn, ní ojúlé kan, ní àdúgbò kan ní Ṣómólú.

Ẹ tẹ̀lé omi gọ́tà yín lọ́jọ́ kan tí òjò bá ti dá. Ṣómólú kò sí létí òkun, àmọ́ gọ́tà yín ń já sí kánáàlì, kánáàlì ń já sí ọ̀sà. Ọ̀sà Èkó fúnra rẹ̀, ẹnu ọ̀nà kan ló fi ń bọ́ sínú òkun, ìyẹn ọ̀nà omi tó gba àárín Erékùṣù àti Apápá kọjá, tí ọkọ̀ òkun ń bá wọlé sí èbúté. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń gbà jáde. Kó tó jáde ni èmi máa ń bá a pàdé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù keje, àbúrò ọkọ mi fa àwọ̀n rẹ̀ sórí pákó níwájú ilé wa, mo jókòó tì í ká jọ máa yọ ọ́. Ohun tó kọ́kọ́ jáde ni bàtà ọmọdé, ẹsẹ̀ òsì nìkan. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rá píọ̀wọ́tà, ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi ń di ọjà fún wa ní Sábó, ìdérí ike, pámpáàsì tó ti mu omi yó tó wúwo bí ọmọ tó wọ̀ ọ́, ọ̀rá, ọ̀rá, ọ̀rá. Ẹpìyà mọ́kànlá ló wà níbẹ̀ àti akàn mẹ́ta. Ọ̀kan nínú àwọn akàn náà ti yí ara rẹ̀ mọ́ ọ̀rá dúdú débi pé ọ̀bẹ ni mo fi gé e sílẹ̀, ó sì tún fi ẹ̀mú rẹ̀ gbá mi níka mú fún iṣẹ́ rere tí mo ṣe. Wákàtí kan àtààbọ̀ la fi yọ ìdọ̀tí. Ẹja ò gbà wá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ wá ro pẹtiróòlù tó fi wa ẹ́ńjìnnì lọ tó fi wà á bọ̀ mọ́ ọn, kí ẹ bi mí ìdí tí ẹja fi wọ́n.

* * *

Ẹ̀gbọ́n kan fèsì sábẹ́ ìbéèrè yìí pé òkun tóbi ju ìyẹn lọ, pé ohunkóhun tí a bá jù sí i, á gbé e mì. Àwọn bàbá wa lè sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ewé ni wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ, igbá ni wọ́n fi ń bu omi. Ewé á jẹrà, igbá á jẹrà. Ọ̀rá kì í jẹrà. Oòrùn á sá a, ìgbì á fà á ya, á máa kéré sí i títí ojú ò fi ní rí i mọ́, síbẹ̀ ọ̀rá náà ṣì ni, ẹja á sì gbé e jẹ.

Ẹ ti rí ìjàpá òkun rí? Wọ́n ń gòkè wá yé ẹyin sínú iyanrìn etíkun wa lóru. Èyí tó tóbi jù nínú wọn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí awọ, oúnjẹ tó fẹ́ràn jù ni ẹ̀dá inú omi kan tó rí bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀, tó mọ́ gaara bí ògì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì. Ẹ ju ọ̀rá funfun sínú bàsíà omi, kí ẹ wò ó bó ṣe ń fẹ̀ tó ń súnkì. Èmi gan-an á bá wọn jẹ ẹ́.

Ní ti pé kí ló kan ará Ṣómólú: omi òkun ló bo ìdá 71 nínú 100 ojú ayé yìí. Àwọn ohun abẹ̀mí inú rẹ̀ tó ń ṣe bí ewéko, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kéré ju ohun tí ojú lásán lè rí, ló ń pèsè bí ìdajì atẹ́gùn tó ń gbé ẹ̀mí ró láyé. Àfikún ooru tí èéfín mọ́tò, jẹnẹrétọ̀ àti iléeṣẹ́ gbogbo àgbáyé ti kó bá wa, ó ju ìdá 90 nínú 100 lọ tí òkun gbà mọ́ra. Ooru oṣù kẹta tí a fi ń sun ìta yẹn, èyí tó ṣẹ́kù nìyẹn o, òkun ti gba ìyókù lára wa. Òjò náà ńkọ́? Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti ojú òkun ló ń gbé e wá, òun ló ń rọ̀ sórí iṣu ní Ọ̀yọ́ àti sórí kòkó ní Oǹdó. Ẹni tí kò mọ omi wẹ̀ náà ń jẹ iṣu.

* * *

Kí n padà sí Òkun Alfa, torí ibẹ̀ ni ìbéèrè yín ti gbóná jù, mo sì rí i pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ fèsì sáré fò ó.

Iyanrìn etíkun wa kì í dúró sójú kan. Láti apá Badagry ni ìgbì ti ń tì í lọ sí apá Lẹ́kí, láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn, bí ẹni tó ń gbálẹ̀ tí kò sinmi. Bí ti iwájú bá lọ, ti ẹ̀yìn á wá dí i. Láyé ìgbà kan, iyanrìn yìí ló kó jọ sẹ́nu ọ̀nà ọ̀sà, tí ọkọ̀ òkun ńlá kò fi lè wọ Èkó; Forcados ni wọ́n ti ń já ẹrù, ọkọ̀ kéékèèké á wá máa kó o bọ̀. Ni ìjọba òyìnbó bá kó òkúta wọnú òkun láàárín 1908 sí 1912, wọ́n mọ ọ́n bí ògiri gígùn sí tọ̀tún tòsì ẹnu ọ̀nà náà. Ọkọ̀ rọ́nà wọlé, Èkó di Èkó tí a mọ̀. Ṣùgbọ́n ògiri yẹn ti dí ọ̀nà mọ́ iyanrìn. Ó ń kó jọ ní apá ìwọ̀ oòrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tarkwa Bay. Ní apá kejì, ní Bar Beach, etíkun Victoria Island, òkun ń kó èyí tó wà ńlẹ̀ lọ, kò sì sí òmíràn tó ń bọ̀ wá rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá ti dàgbà díẹ̀ rántí bí omi òkun ṣe máa ń gun Ahmadu Bello Way tí mọ́tò á máa wẹ̀ nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 2012 ló ya wọ Kúrámò, ẹ̀mí sì bá a lọ.

Lónìí, wọ́n ti fa iyanrìn lábẹ́ òkun, wọ́n fi tẹ́ ìlú tuntun, Eko Atlantic, síbi tí Bar Beach wà, wọ́n sì fi òkúta àti kọnkéré ṣe odi fún un. Victoria Island mí. Àwọn ará Òkun Alfa tí wọ́n wà níwájú lápá ìlà oòrùn ní látìgbà náà ni tiwọn ti burú sí i. Àwọn tó ń kọ́ ìlú náà ní kì í ṣe ẹjọ́ àwọn. Èmi kì í ṣe ẹnjiníà. Ohun tí ẹ̀kọ́ Bar Beach kọ́ mi ni pé bí a bá dá iyanrìn dúró níbì kan, ilé ẹlòmíràn ni òkun máa lọ gba gbèsè rẹ̀. Ẹ wá fi kún un pé òkun tó ń gbóná ń wú, yìnyín tó ń yọ́ lórí ilẹ̀ ní àwọn ìlú olótùútù sì ń wọ inú rẹ̀, omi ń ga díẹ̀díẹ̀.

Ta ló kọ́kọ́ na ta? Mi ò rí ibi tí òkun ti kọ́kọ́ ta wá. Ẹni tí ilé rẹ̀ wó kò sì lẹ́bi kankan níbẹ̀, ìyẹn ló dùn mí jù.

* * *

"Àwọn iléeṣẹ́ ló ń ṣe ike, ìjọba ló yẹ kó mú wọn, ẹ fi mẹ̀kúnnù sílẹ̀." Ó tó èèyàn mẹ́fà tó kọ irú èyí. Mo fara mọ́ ìdajì rẹ̀.

Ìjọba Èkó fòfin de àwo funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n fi ń di ráìsì ní January 2024. Ní July 2025, wọ́n fi ife ike àlòsọnù, ṣíbí ike, sítírọ́ọ̀ àti ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kún un. Àwo funfun dín kù lójú omi wa, mo fojú ara mi rí i, ẹni tó bá ní òfin ò ṣiṣẹ́ rárá ń parọ́. Ọ̀rá dúdú ṣì wà ní gbogbo ọjà tí mò ń ná. Píọ̀wọ́tà kò sì sí nínú òfin náà, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni pariwo pé kí wọ́n fi sí i lọ́la, nítorí pé ẹni tí omi ẹ̀rọ kò dé ilé rẹ̀ láti ogún ọdún, kí lẹ fẹ́ kó mu? Ẹ fún un lómi ná.

Ìdajì tí mi ò fara mọ́ ni "ẹ fi mẹ̀kúnnù sílẹ̀". Àwọn ìjọba àgbáyé jókòó ní Geneva ní August 2025 kí wọ́n lè fẹnu kò sórí àdéhùn kan nípa ike. Wọ́n túká láìfẹnu kò. Ṣé ká wá máa dúró dè wọ́n, kí pámpáàsì máa wọ àwọ̀n wa lọ? Iléeṣẹ́ ló ṣe ọ̀rá lóòótọ́. Iléeṣẹ́ kọ́ ló jù ú láti ojú wíńdò dánfó lórí Third Mainland. Mo ti jókòó ti ẹni tó jù ú rí. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́." Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní ṣé èmi ni mo ni òkun ni. Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

* * *

Ẹ dákẹ́ ná, ẹ jẹ́ n sọ ti òwàǹbẹ̀, kó tó di pé mo gbàgbé.

Nígbà ìsọmọlórúkọ ọmọ àbúrò mi, a ní a ò ní ra omi inú ike. A ra yìnyín, a bu omi tó mọ́ sínú kúlà ńlá mẹ́rin tó ní ẹ̀rọ lẹ́nu, a yá ife. Àǹtí wa àgbà bínú. Ó ní ojú á ti òun níwájú àna, pé wọ́n á ní owó ti tán nílé wa. A bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ó fi owó ara rẹ̀ ra páálí omi oníke mẹ́wàá. Nígbà tí a ń palẹ̀ mọ́, ọ̀pọ̀ ike yẹn ni omi ṣì wà ní ìdajì nínú wọn, tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbé e sẹ́nu. Omi kúlà ti tán pátápátá. Àǹtí náà mu níbẹ̀. N kò sọ nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n mi ni.

Ẹnì kan bèèrè ẹni tó máa fọ ife. Àwa tí à ń fọ abọ́ ọbẹ̀ igba èèyàn náà ni.

* * *

Ọ̀dọ́kùnrin kan ní kí n yé sọ ìtàn, kí n sọ ohun tí èèyàn lè ṣe gan-an. Ó dáa. Ẹ gbọ́ èyí tí a ṣe tó bàjẹ́, kí ẹ má baà tún un ṣe.

Àwọn ọmọ àdúgbò wa ló dá a lábàá pé ká fi wáyà dí ẹnu gọ́tà tó ń já sí ọ̀sà, kí ìdọ̀tí má baà wọlé. A dáwó, a ra wáyà tí wọ́n fi ń ṣe ilé adìyẹ, a kàn án mọ́ ọn, a ya fọ́tò. Òjò ńlá àkọ́kọ́ dé nínú oṣù kẹfà. Kò tó wákàtí kan tí ọ̀rá, ewé àti ẹrẹ̀ fi lẹ̀ mọ́ wáyà yẹn pátápátá bí àkàrà tó jóná mọ́ ìsàlẹ̀ agbada. Omi ò rọ́nà lọ, ó yíjú padà sí wa. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ó rin léèsì oníbàárà mẹ́ta. Télọ̀ fa wáyà yẹn ya fúnra rẹ̀ nínú òjò, ó ń ṣépè. Àwa la dáwó san léèsì.

Ẹ̀ẹ̀kejì, a lọ bá wẹ́dà. Ọ̀pá irin ló fi ṣe é, àlàfo àárín wọn fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́: ewé àti ẹrẹ̀ á kọjá, ike àti ọ̀rá tó ti wé mọ́ra á dúró. Ó ṣeé ṣí bí ilẹ̀kùn. Ọmọkùnrin kan wà tí a ń fún lówó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun ló ń fi réèkì kó o lẹ́yìn gbogbo òjò. Ẹ gbọ́ o, bí kò bá sí owó ọmọkùnrin yẹn, ẹ má ṣe irin yẹn rárá. Irin láìsí ẹni tó ń kó o, àgbàrá lẹ fẹ́ dá sílẹ̀ fún télọ̀.

Ìjà kejì ni ibi tí a ó kó o sí. Kí wọ́n tó fagi lé ìmọ́tótó òpin oṣù ní 2016, gbogbo wa la ń wa gọ́tà láago méje sí mẹ́wàá, a sì ń kó ẹrẹ̀ rẹ̀ jọ sétí títì. Á wà níbẹ̀, á wà níbẹ̀, títí òjò á fi gbé e padà sínú gọ́tà tí a ti wà á jáde. Ohun kan náà ló ṣe wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ pẹ̀lú irin yìí. A wá pe ọlọ́mọlanke kó máa bá wa kó o. Owó rẹ̀ kò pọ̀, inú wa dùn, àfìgbà tí ọmọkùnrin wa tẹ̀lé e lọ́jọ́ kan tó bá a lórí kánáàlì òpópónà kejì, ó ń yí i dànù sínú omi. Gbogbo ìdọ̀tí wa ti padà wọ ọ̀sà, a tún sanwó fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi ẹni tó ń kó ìdọ̀tí yín níbi tó ń dà á sí. Ẹ tẹ̀lé e dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ní báyìí, inú àpò là ń dì í sí, a ń dúró de ọkọ̀ tó ń kólẹ̀. Ike ní tirẹ̀, àwọn tó ń rà á ń wá fúnra wọn, wọ́n ń wọ̀n ọ́n ní kílò, owó ọmọkùnrin yẹn sì ti ń jáde díẹ̀ látinú rẹ̀.

* * *

Bàbá kan kọ ọ́ pé Olókun á bójú tó ilé ara rẹ̀. Àṣẹ, bàbá. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi sọ fún mi pé nígbà tóun wà lọ́mọdé, ọjọ́ kan wà nínú ọ̀sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ na àwọ̀n sómi, nítorí Olókun yìí kan náà. Ẹja ń rí àyè yé ẹyin lọ́jọ́ náà. Ta ló ṣì ń pa á mọ́?

Ọ̀rọ̀ ẹja ló mú mi dé ibi tí èmi náà ti jẹ̀bi. Edé tí ẹ ń jẹ, inú òkun ni wọ́n ti ń yé e, àmọ́ inú ọ̀sà níbi tí omi ti pa rọ́rọ́ ló ti ń dàgbà kó tó padà. Ìdí àwọn igi etí omi, tí gbòǹgbò wọn nà bí ẹsẹ̀ lórí ẹrẹ̀, ni ọmọ ẹja àti ọmọ edé ń sá sí. Igi yẹn náà ló dára jù láti fi yan ẹja. Ó ń jó pẹ́, ó ń fún ẹja ní àwọ̀ wúrà. Ọdún púpọ̀ ni mo fi rà á. Èmi tí mò ń kígbe pé ẹja ò sí mọ́, ilé ọmọ ẹja ni mo fi ń dáná. Èérún àti àjákù pákó láti ilé ìlagi ni mò ń lò báyìí. Kò dára tó o. Oníbàárà méjì ti sọ fún mi pé àwọ̀ ẹja mi ti ṣá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rà, ẹ má ra ẹpìyà tí kò ju ìka méjì lọ. Bí a kò bá rí i tà, àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ yẹn á sinmi. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé apẹja kékeré ló kó ẹja òkun tán. Òfin ẹja pípa ti 1992 sọ pé ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n nílẹ̀ òkun kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ láàárín máìlì òkun márùn-ún sí etíkun. Ẹ bi apẹja èyíkéyìí bóyá wọ́n ń dúró lẹ́yìn ààlà yẹn lóru. Ìbéèrè yẹn ló yẹ kí ẹ bá aṣojú yín sọ nígbà tó bá wá tọrọ ìbò, ẹ̀yin ará Ṣómólú náà.

* * *

Ẹni tó bèèrè ìbéèrè yìí ti padà wá, ó ní òun lọ wo ẹnu gọ́tà àdúgbò òun, pé òun fẹ́ bá wẹ́dà sọ̀rọ̀, pé mélòó ni ọ̀pá irin. Mẹ́sàn-án ni tiwa, ṣùgbọ́n ẹ fi okùn wọn ti yín kí ẹ tó lọ, gọ́tà yàtọ̀ síra. Ẹ kọ́kọ́ wá ọmọkùnrin tí yóò máa kó o.

Èmi náà ní ìbéèrè. Ike ń rí ẹni rà á, irin ń rí ẹni rà á, bàtà pàápàá ń rí. Ọ̀rá ẹlẹ́rẹ̀ kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Àwọn tó ń ra ọ̀rá ní kí n fọ̀ ọ́ kí n sá a kó gbẹ kí àwọn tó gbà á, omi tí màá fi fọ̀ ọ́ sì wọ́n ju owó tí wọ́n fẹ́ san lọ. Wọ́n ní kí n fi dáná. Mi ò jẹ́ fi èéfín ọ̀rá yan ohun tí ọmọ èèyàn fẹ́ jẹ. Àpò mẹ́rìnlá ló wà lẹ́yìn ààrò mi báyìí, eku ti bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ síbẹ̀. Ẹni tó bá mọ ẹni tó ń gbà á bó ṣe wà, láti Yábàá dé Ìkòròdú, kó dárúkọ àdúgbò. Màá wá ọkọ̀ gbé e wá.